Ọ̀bẹ tí a rọ láti ara sípíríǹgì tírélà: omi ni kí n tì í bọ ni, àbí epo?

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búIgbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo mọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ fún àwọn tó ń ṣe gàrí. Àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló fi èrò náà sí mi lọ́kàn. Ọ̀bẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń rà lọ́jà Òkè-Ajé kì í pẹ́ kó tó kújú.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé ọ̀bẹ méjì wá pé kí n bá àwọn pọ́n ọn. Alágbẹ̀dẹ kan náà ló rọ méjèèjì, wọ́n ní ara sípíríǹgì kan náà ló ti gé wọn. Ọ̀kan ti já lẹ́nu káàkiri, ó rí ṣágiṣàgi. Èkejì kò já rárá, ńṣe ló tẹ̀ lẹ́bàá èkù nígbà tí wọ́n fi tẹ ẹ̀gẹ́ ńlá kan. Irin kan náà, ọwọ́ kan náà, àìsàn méjì tí kò bára mu.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti bá wọn fẹ́ ẹwìrì rí ní omi ni wọ́n ń ti ọ̀bẹ bọ, pé kò sí nǹkan míì. Nínú fídíò, epo ni mo ń rí. Mo ti ra sípíríǹgì tírélà kan lọ́wọ́ àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù, ó ti wà nílẹ̀, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Kí ló sì ṣe ọ̀bẹ méjì yẹn?

OmiNiTiwa
Omi ni o. Láyé àwọn bàbá wa, ta ló rí òróró tó máa fi rì irin? Àdá tí wọ́n fi ṣán oko kòkó Ìjẹ̀bú-Igbó, omi ni wọ́n tì í bọ, kò sì já. Fídíò ló ń da orí yín rú.

Tíṣà_Ìlíṣàn
Ẹ rọra, ẹ̀yin méjèèjì. Iṣẹ́ irin ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe bi èèyàn léèrè ohun tí irin fúnra rẹ̀ lè sọ. Wẹ́dà, ọ̀bẹ méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Mú fáìlì tuntun, kì í ṣe èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Fà á sí ẹnu ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Kọ́kọ́ fá awọ òde kúrò díẹ̀ o, torí iná máa ń jẹ kábọ̀n awọ irin, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí irin lè le. Awọ yẹn lè rọ̀ nígbà tí inú le, yóò sì tàn ọ́ jẹ. Ibi tí fáìlì bá ti ń yọ̀ tí kò rí nǹkan bù, ibẹ̀ le. Ibi tó bá ti ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ìṣó, ibẹ̀ ò le.

Lẹ́yìn náà, fi aṣọ wé èyí tó já, dè é mọ́ fáìsì, fi gọ́gùlù bojú, kí o ṣẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Bó bá ṣú, tó kúnná, tí kò dán, iná tí wọ́n fún un dára. Bó bá ń dán wínníwínní, tí o lè fi ojú lásán rí hóró inú rẹ̀, iná ti pọ̀ jù.

Ní ti sípíríǹgì: púpọ̀ nínú ti tírélà jẹ́ irin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 5160, tàbí ìbátan rẹ̀. Kábọ̀n inú rẹ̀ tó 0.6%, kírómíọ̀mù inú rẹ̀ tó 0.8%. Bí irin yìí bá gbóná dé ààyè rẹ̀, kábọ̀n á yọ́ wọ inú rẹ̀, á tàn kálẹ̀. Jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ̀n á rí àyè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, irin á rọ̀. Mú un tutù lójijì, kábọ̀n á há sínú, híhá yẹn ló ń sọ irin di líle. Iṣẹ́ kírómíọ̀mù ni pé ó ń fa ìyapa yẹn sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí irin yìí ò fi nílò ìyára omi. Epo tó fún un. Tó bá wọ omi, òde á ti gan nígbà tí inú ṣì ń yí padà tó sì ń wú. Òde ò lè nà mọ́, á sán. Nígbà míì ìwọ fúnra rẹ á gbọ́ ọ nínú omi, "tín!". Bí o bá gbọ́ "tín", ọ̀bẹ ti lọ nìyẹn.

ỌmọArọ_Ìpẹ̀rù
Tíṣà, ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbè lẹ́yìn OmiNiTiwa díẹ̀, torí kò purọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló mú wá.

Ilé arọ, ìyẹn ilé alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n bí mi sí, ní Ìpẹ̀rù. Bàbá mi lo omi títí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọn kì í ti gbogbo ọ̀bẹ bọ omi. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń wọ omi, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì pọ́n lókè. Kíá, wọ́n á ti fà á jáde, wọ́n á fi òkúta ha ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó dán, wọ́n á wá máa wò ó. Ooru tó kù lẹ́yìn ọ̀bẹ á máa rìn bọ̀ wá síbi ẹnu, àwọ̀ á sì máa ṣáájú rẹ̀. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ búráùn, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù. Bí àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá ti kan ẹnu, gbogbo rẹ̀ á wọ omi, ó parí. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ti àdá dé àlùkò. Ti ọ̀bẹ, àwọ̀ koríko gbígbẹ ni wọ́n ti ń dá a dúró.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ohun tí ẹ ń pè ní omi yẹn: wọ́n mú un le, wọ́n sì dá líle yẹn padà díẹ̀ kó má baà já. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á gbọ́ "ṣííì", á lọ máa sọ fún aráyé pé omi ni. Apá kejì kì í pariwo, kò sì rí i.

Ohun mìíràn ni irú irin tí wọ́n ń lò. Kì í ṣe sípíríǹgì nígbà gbogbo. Rọ́ọ̀dù àti páìpù àti oríṣiríṣi àlòkù irin ló ń dé ilé arọ, kábọ̀n púpọ̀ nínú wọn kéré. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sán nínú omi, torí kò ní ohun tó máa fi le dé ibi tó máa sán. Tí o bá wá mú ìwà tí o fi ń bá irin yẹn lò lọ bá sípíríǹgì tírélà, yóò ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹlẹ́ṣin_Òde
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà lè rọ idà fún èèyàn? Mo fẹ́ èyí tí mo máa gbé lórí ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, kó gùn, kó dán.

ỌmọArọ_Ìpẹ̀rù
Ẹlẹ́ṣin, idà àfihàn ò nílò líle kankan. Irin pẹlẹbẹ lásán tó bá dán ti tó, kí ẹnu rẹ̀ má mú kó má baà gé ẹṣin yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀, ẹ má dà wá láàmú níbí 😄

OmiNiTiwa
Ọ̀rọ̀ ti bàbá Ìpẹ̀rù yẹn, mo gbà á. Bàbá ìyá mi náà máa ń ha á lókùúta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ibi tí èèyàn ti máa rówó ra òróró tó máa kún ike láti fi fọ irin. Ìjẹ̀bú la wà o, ẹ jẹ́ ká máa ṣírò.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búIgbó
Mo ti ṣe ohun tí Tíṣà ní kí n ṣe.

Èyí tó já: mo fá awọ rẹ̀, fáìlì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti orí dé ìdí. Nígbà tí mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ, kò tilẹ̀ tẹ̀ kó tó ṣẹ́, "kẹ́" ló dún. Inú rẹ̀ ń dán bí iyọ̀, hóró hóró.

Èyí tó tẹ̀: orí rẹ̀ le dáadáa. Láti àárín wá sídìí, fáìlì ń jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo fá a jinlẹ̀ síbẹ̀ ó ń jẹ ẹ́. Ibi tó ti tẹ̀ gan-an ló rọ̀ jù.

Tíṣà_Ìlíṣàn
O káre. Wàyí o, ọ̀bẹ ti sọ tẹnu ẹ̀.

Ti àkọ́kọ́: iná pọ̀ jù, wọn ò sì dá líle rẹ̀ padà lẹ́yìn omi. Bí irin bá pẹ́ nínú iná tó ga jù, àwọn hóró inú rẹ̀ máa ń jẹ ara wọn, èyí tó tóbi á máa tóbi sí i. Ẹnu ààlà àwọn hóró ńlá yẹn ni irin ń gbà ṣẹ́. Ti èkejì: iná ò kárí. Ojú ẹwìrì máa ń gbóná níbì kan ju ibòmíràn lọ. Orí ọ̀bẹ wà nínú ọkàn iná, ìdí rẹ̀ wà létí. Ìdí ò tíì dé ibi tí kábọ̀n ti ń yọ́ nígbà tí wọ́n gbé e wọ omi. Irin tí kò dé ibẹ̀, o lè tì í bọ omi, o lè tì í bọ epo, o lè tì í bọ odò Ọ̀ṣun, kò ní le.

Ẹ ò wá rí i pé nínú ọ̀bẹ méjèèjì, ìṣòro ti wà nílẹ̀ kó tó kan omi. Bó bá jẹ́ epo ni wọ́n lò, ti kejì á ṣì tẹ̀, ti àkọ́kọ́ á ṣì já lẹ́nu.

Èyí tó tẹ̀ ṣeé tún ṣe. Na án, tún un fi síná, kó kárí. Èyí tó já, tí kò bá ní ojú sísán kankan lára, o lè lọ̀ ọ́ kúrú kí o sì tún hóró rẹ̀ ṣe. Bó bá ti sán, ju ú nù.

Bí a ṣe ń tún hóró ṣe nìyí, ọ̀bẹ tuntun náà nílò rẹ̀ nígbà tí o bá rọ ọ́ tán: mú un gbóná dé nǹkan bí 870°C, fà á jáde, kọ́ ọ síbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ lù ú, má fi kan ilẹ̀ tútù, kó tutù fúnra rẹ̀ títí pupa ara rẹ̀ á fi lọ tán. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kí iná máa rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ìṣáájú. Hóró ńlá á di wẹ́wẹ́. Wàhálà tí òòlù kó sínú irin á rọlẹ̀ pẹ̀lú, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wọ́ nínú epo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo èyí, torí kò sí ohun tí ojú rí nínú rẹ̀. Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Sípíríǹgì_Ògèrè
Mo ń tajà irin lẹ́bàá ibùdó tírélà ní Ògèrè, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí i.

Sípíríǹgì tó ti ṣẹ́ ni wọ́n máa ń tà ní pọ́ọ́kú. Kì í ṣe ẹ̀bi irin o, ẹrù ló wúwo, ọ̀nà márosẹ̀ yìí náà ò sì dára. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kì í ṣẹ́ lójijì. Ojú sísán kékeré á ti wà níbẹ̀ tipẹ́, á máa jẹ wọlé. Bí èyí tí o rà bá ti ṣẹ́, má gé ọ̀bẹ nítòsí ibi tó ti ṣẹ́, má sì gé e nítòsí ihò àárín tí bóòtì ń gbà. Ibi tó jìnnà sí méjèèjì ni kí o lò. Fọ èèpá àti ọ̀dà kúrò kí o lè rí ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, má gbà pé gbogbo sípíríǹgì ni 5160. Láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ni ọkọ̀ ti ń wá, ohun tí wọ́n fi ṣe é yàtọ̀. Mo máa ń rí àwọn tó fi rọ́ọ̀dù dẹ́kì ṣe ọ̀bẹ, wọ́n á ní irin ni irin ń jẹ́. Rọ́ọ̀dù ò ní kábọ̀n tó. O lè pọ́n ọn kó mú lónìí, lọ́la á ti kújú.

Ẹ má sì fi irin tí wọ́n pa láró funfun, irú ti páìpù omi, síná. Síńkì ni aró yẹn, èéfín rẹ̀ máa ń fún èèyàn ní ibà tó lágbára. Wẹ́dà á ti mọ èyí.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búIgbó
Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Páìpù omi ti fi hàn mí rí.

Sípíríǹgì tèmi kò ṣẹ́, ó kàn tẹ́ ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dára kí n tó jẹ iyà òòlù lórí rẹ̀?

Sípíríǹgì_Ògèrè
Gé ìwọ̀n ìka kan lára rẹ̀. Fi síná, tì í bọ epo, ṣẹ́ ẹ bí Tíṣà ṣe sọ. Bó bá ṣẹ́ ní "kẹ́", irin ọ̀bẹ ni. Bó bá tẹ̀ tó ní òun ò ṣẹ́, lọ fi ṣe ìkọ́ géètì.

ỌmọArọ_Ìpẹ̀rù
Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ sọ, torí Tíṣà ń pe 870, mélòó nínú wa ló ní ẹ̀rọ tó máa ka irú ooru bẹ́ẹ̀?

Ilé arọ bàbá mi máa ń ṣókùnkùn. Bí iṣẹ́ ọ̀bẹ bá délẹ̀, wọ́n á tún fi àpò dí ojú fèrèsé. Àwọn ọmọdé rò pé awo ni. Kì í ṣe awo. Pupa tí o rí nínú oòrùn, iná rẹ̀ ti ga jù bí o ṣe rò lọ, torí oòrùn máa ń bo ìmọ́lẹ̀ irin mọ́lẹ̀. Ibi tó ṣú ni ojú ti ń rí òótọ́.

Nínú òkùnkùn yẹn, bí irin ṣe ń gbóná lọ, wàá rí òjìji kan tó máa rọra kọjá lára rẹ̀, bí ẹni pé apá kan irin náà ń lọ́ra láti pọ́n. Bí òjìji yẹn bá ti kọjá tán láti orí dé ìdí, tí gbogbo ọ̀bẹ wá pọ́n dọ́gba, bàbá mi á ní "ó ti gbà". Òjìji yẹn ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo pípọ́n nìkan.

Tíṣà_Ìlíṣàn
ỌmọArọ, bàbá rẹ mọ iṣẹ́. Òjìji yẹn ni ìgbà tí irin ń jẹ ooru láti fi yí inú rẹ̀ padà. Ooru tó yẹ kó fi pọ́n sí i, inú ló ń jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó lọ́ra. Nígbà tí òjìji bá kọjá, ìyípadà ti parí. Kò sí ẹ̀rọ tó máa sọ ọ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n, òòfà wà. Tú u lára sípíkà àtijọ́, so ó mọ́ wáyà. Irin máa ń kọ òòfà ní nǹkan bí 770°C. Máa fi kan ọ̀bẹ láti orí dé ìdí. Ibi tó bá ṣì ń fà á kò tíì tó. Nígbà tí kò bá fà á níbi kankan mọ́, fi iná díẹ̀ kún un, kí pupa rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, ó ti wà láàárín 815 sí 845 nìyẹn. Fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó kárí, má jẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bọ epo gẹ́rẹ́ tí òòfà jáwọ́ ti yára jù fún irin yìí.

Kí iná lè kárí, má fi ọ̀bẹ sójú kan. Máa fà á wá, máa tì í lọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ọkàn iná, torí ẹnu fẹ́lẹ́, yóò gbóná kíá fúnra rẹ̀. Ẹwìrì rọra. Ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì bí ẹni ń sá lé olè ló ń sun irin.

Alábòójútó
Kí ẹ tó dé ibi epo: ike rọ́bà kọ́ o. Irin pupa nínú ike rọ́bà, ilé á jó. Agolo irin tó jìn ni kí ẹ lò, kí ideri irin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí iná bá mú epo, ideri ni kí ẹ dé e. Ẹ má da omi sí i láéláé. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe abẹ́ ibi tí wọ́n sá aṣọ sí.

OmiNiTiwa
Mo ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀ owó. Ṣé epo ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù kò tó?

Tíṣà_Ìlíṣàn
Kò tó, kò sì dára. Ìdọ̀tí irin àti oògùn oríṣiríṣi ló ti wà nínú rẹ̀. Ìwọ lo máa fa èéfín rẹ̀ símú, ọ̀bẹ oúnjẹ lo sì fẹ́ fi ṣe. Òróró ẹ̀pà ni kí o rà. Lítà márùn-ún tó fún ọ̀bẹ kékeré, kì í sì í tán. Sẹ́ ẹ, dé e, ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ló máa gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí wọ́n ti fi dín àkàrà náà ṣeé lò bí o bá sẹ́ ẹ dáadáa.

Epo pupa náà ń ṣiṣẹ́. Epo pupa tí wọ́n ń kó láti etíkun wa lọ sílùú òyìnbó láyé ọjọ́un, kì í ṣe ọṣẹ nìkan ni wọ́n fi ṣe. Àwọn tó ń ṣe páànù agolo ní Wales náà lò ó nínú iṣẹ́ wọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń dì, o gbọ́dọ̀ yọ́ ọ kí o tó lò ó.

Bó bá sì jẹ́ òróró, má lò ó ní tútù. Mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 50 sí 60°C. Ó dà bíi pé epo tútù ló yẹ kó tètè mú irin tutù, kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tútù máa ń ki, kì í tètè ṣàn yí irin ká. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ṣàn dáadáa, ó sì ń gba ooru lọ́wọ́ irin kíá.

Orí ni kó kọ́kọ́ wọlé, lóòró. Máa gbé e sókè, máa gbé e sílẹ̀, má fì í sọ́tùn-ún sósì, torí ẹ̀gbẹ́ kan á tutù ṣáájú èkejì, ọ̀bẹ á wọ́. Bó bá wọ́ náà, o ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó jáde láti fi tọ́ ọ, nígbà tó ṣì gbóná, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Lẹ́yìn ìyẹn, má gbìyànjú. Àti kókó kan: má ṣe pọ́n ẹnu rẹ̀ kó tó wọ epo. Kí ẹnu ṣì nípọn tó 1.5 mm. Ẹnu fẹ́lẹ́ máa ń wọ́, ó sì máa ń sán.

Ìyá_Gàrí_ÀgọÌwòyè
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ líle, líle, líle. Ẹ bi ẹni tó ń lò ó.

Ọ̀bẹ tó le jù kò wúlò fún wa. Àkọ́kọ́, a ò ní ẹ̀rọ ìpọ́n. Òkúta tó wà nídìí àgbá omi la fi ń pọ́n. Ọ̀bẹ tí òkúta ò bù, kí ni mo fẹ́ fi ṣe nígbà tó bá kújú láàárín iṣẹ́? Èkejì, bí ẹnu ọ̀bẹ bá já, ibo ni ẹ rò pé ẹ̀já irin yẹn ń lọ? Inú ẹ̀gẹ́ ni. Láti ibẹ̀ ó di inú ẹ̀rọ ìlọ̀, láti ibẹ̀ ó di inú gàrí. Oníbàárà tó bá fi eyín kàn án kò ní padà wá mọ́. Kí ọ̀bẹ tẹ̀ díẹ̀ sàn fún mi ju kó já lọ. Èyí tó tẹ̀, mo lè fi ẹsẹ̀ nà án.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ó kúrú, kó fúyẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má nípọn. Ọwọ́ ló ń ro wá tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú.

Tíṣà_Ìlíṣàn
Ìyá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó ṣáájú gbogbo tiwa.

Wẹ́dà, ibi tí o ti máa dá Ìyá lóhùn ni ooru ìkẹyìn. Bí ọ̀bẹ bá jáde nínú epo, ó ti le jù, bó bá bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó lè fọ́. Má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Gẹ́rẹ́ tó bá ti tutù débi tí ọwọ́ lè mú un, fún un ní ooru kékeré fún wákàtí méjì, jẹ́ kó tutù, tún un ṣe fún wákàtí méjì sí i. Ní 200°C, sípíríǹgì yìí á dúró ní nǹkan bí 58 ní ìwọ̀n Rockwell tí wọ́n fi ń wọn líle irin, ìyẹn dára fún alásè tó ń gé ẹran lórí pákó. Ti Ìyá, gbé e dé 250 sí 260, kó wálẹ̀ sí nǹkan bí 56. Òkúta á bù ú, kò sì ní já wẹ́rẹ́. Àdá lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kan búlúù, nǹkan bí 300.

ỌmọArọ_Ìpẹ̀rù
Tíṣà, kí 56 jẹ́ ti ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé àwọ̀ lójú sàn ju nọ́ńbà lọ. Fá ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ kó dán, fi ojú rẹ ṣọ́ ọ. Koríko gbígbẹ tó ń lọ sí búráùn ni ti Ìyá.

Tíṣà_Ìlíṣàn
Lo méjèèjì. Àwọ̀ máa ń yí padà bí ó bá ṣe pẹ́ sí nínú ooru, ìdí nìyẹn tí wákàtí méjì fi lè fi àwọ̀ tó jinlẹ̀ ju ti bàbá rẹ hàn ní ìwọ̀n ooru kan náà. Ti bàbá rẹ kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búIgbó
Ibo ni mo ti máa rí 250 tó máa dúró sójú kan fún wákàtí méjì? Mi ò ní óòfù. Iná mànàmáná sì ń bọ̀, ó ń lọ, bí ẹ ṣe mọ̀.

Ìyá_Gàrí_ÀgọÌwòyè
Àwọn ẹlẹ́pà ń kọ́? Iyanrìn tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà kì í tètè tutù, ó sì máa ń kárí.

Tíṣà_Ìlíṣàn
Ìyá ti parí rẹ̀! Iyanrìn gan-an ni. Ìkòkò irin tó jìn, iyanrìn gbígbẹ tí a ti jọ̀, kí ó bo ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ lókè nísàlẹ̀. Má jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ìdí ìkòkò. Ra tẹmọ́mítà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, tó ń ka ooru dé 300, gún un sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ gan-an. Kọ́kọ́ jẹ́ kí iyanrìn gbóná kó sì dúró sójú kan kí ọ̀bẹ tó wọlé. Èédú díẹ̀ lábẹ́, máa fi kún un, máa yọ ọ́. Kódà ó sàn ju óòfù gáàsì míì lọ, torí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í sábà bá ooru inú rẹ̀ mu.

OmiNiTiwa
Tí ẹlẹ́pà bá rí i pé ọ̀bẹ ni ẹ fi ń yan nínú iyanrìn rẹ̀, ẹ sá o 😂

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búIgbó
Mo ra iyanrìn tèmi.

Ẹ̀já kékeré tí mo gé lára sípíríǹgì, mo fi òòfà àti òróró ẹ̀pà ṣe é lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí mo pa gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Mo rí òjìji yẹn! Ó kọjá lóòótọ́, ó rọra gba ìdí rẹ̀ lọ. Mo ṣẹ́ ẹ nínú fáìsì, "kẹ́", inú rẹ̀ ṣú, ó kúnná, kò dán. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀bẹ tó já, èèyàn á rò pé kì í ṣe irin kan náà.

Ìbéèrè kan ló kù: Ìyá ní ẹ̀gẹ́, omi ẹ̀gẹ́ sì kan. Ṣé kò ní dípẹtà? Mo gbọ́ pé kírómíọ̀mù ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà.

Sípíríǹgì_Ògèrè
Yóò dípẹtà. 0.8% ò tó nǹkan kan. Irin tí kì í dípẹtà ní ju 10% lọ.

Tíṣà_Ìlíṣàn
Àti pé irin tí kì í dípẹtà kì í gbọ́ràn nínú iná èédú, ó nílò ẹ̀rọ. Fi sílẹ̀. Ọ̀bẹ yìí á dúdú bí ó bá ti ń bó ẹ̀gẹ́, dúdú yẹn ò burú, kì í ṣe ìpẹtà. Pupa ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ fọ ọ́ lálẹ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Má sì lo èkù tí omi ń gbà wọlé, torí ìrù ọ̀bẹ tó wà nínú èkù ló ń kọ́kọ́ jẹrà, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i.

Ìyá_Gàrí_ÀgọÌwòyè
Wẹ́dà, mo fẹ́ mẹ́fà. Èkù igi, kì í ṣe rọ́bà, kó má yọ̀ lọ́wọ́ tí ọwọ́ bá tutù. Iye tí o bá fẹ́ gbà, sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí àwọn ará Òde má baà gbọ́ kí wọ́n wá ná an já.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búIgbó
Ẹ ṣé, Ìyá mi. Méjì ni mo máa kọ́kọ́ rọ fún yín, ẹ fi bó ẹ̀gẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

OmiNiTiwa
Ọ̀sẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́! Ṣé Ìjẹ̀bú ni ẹni yìí ṣá?